Téèpù Tí Kò Ní Orí

Rúlà gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ kan lé orí ẹsẹ̀ igi méjì, ó tì í síhìn-ín, ó tì í sọ́hùn-ún, kò mì. Ó gbé ife omi kan lé e láàárín, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fojú wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi inú ife fì sí apá òsì díẹ̀. Ó ká páálí kékeré kan, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tó wà lápá òsì, ó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. Omi tẹ́ rẹrẹ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Tábìlì ìyàwòrán ti délé nìyẹn. Ihò kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára ilẹ̀kùn náà, ibẹ̀ ló sì ki pẹ́ńsù bọ̀, kó má baà máa yí sílẹ̀.

Yàrá iwájú ilé ni, ibi tí ọkọ rẹ̀ ń kó kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ àti ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde, wọ́n kun ògiri ní funfun, ó di ọ́fíìsì.

Rúlà kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bí ó bá fi ọwọ́ lásán fa ìlà, ìlà náà á gún bí ẹni pé ó fi nǹkan tì í. Ó ti bá ilé iṣẹ́ ńlá kan ya ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ kò sí ilé kan láyé tó lè nawọ́ sí pé tèmi rèé. Fèrèsé ilé ìwòsàn lónìí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báńkì lọ́la, àwọn ọ̀gá ló ń ya ìyókù. Ọjọ́ tó ní òun fẹ́ lọ dá dúró, ọ̀gá àgbà kò bínú.

"Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kó lọ lúwẹ̀ẹ́," ló wí. "N ò ní fi ẹnikẹ́ni sórí àga rẹ títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá mù ọ́ dé ọrùn, máa bọ̀ nílé."

Ọ̀rọ̀ rere ni, àmọ́ ńṣe ló ń gún Rúlà bí òkúta inú bàtà. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ kò bá dé, á rántí àga náà.

Iṣẹ́ kò sì tètè dé. Ẹni tó bá wọn kọ pátákó ìta kọ AYÀWÒRÁN gàdàgbà gadagba, ìgbà tó máa fi dé ibi ILÉ, àyè ti tán, ó bá fi há igun ìsàlẹ̀ bí ẹni fi ọmọdé há ẹ̀yìn mọ́tò. Àlejò àkọ́kọ́ tó wọlé wọ kóòtù, ó de táì, ó sì ti fi ìpara pa ojú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Pásípọ́ọ̀tù ni mo fẹ́ yà. Kíákíá ni mo fẹ́ ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé ni èmi ń yà."

Ọkùnrin náà wò yíká yàrá. "Kò burú. Ẹ yà mí níwájú ilé náà."

Ọkọ Rúlà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, àmọ́ kò lè rí nọ́ḿbà kó fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a. Àfi kó rò ó mọ́ òmíràn, tàbí kó yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀. Ó ń ṣírò nọ́ḿbà ara mọ́tò tó bá ń kọjá lọ.

Oníbàárà gidi tó kọ́kọ́ dé ni Màmá Oníwèé. Ilé alájà kan tóóró ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ìsàlẹ̀ ló ti ń ta ìwé, òkè ló ń sùn, ẹ̀yìn ìta sì ni àtẹ̀gùn wà.

"Orúnkún mi ti ń sọ̀rọ̀," ni Màmá wí. "Bí òjò bá ń rọ̀, inú òjò ni mò ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ara mi. Mo fẹ́ àtẹ̀gùn nínú ilé. Kí n jí, kí n sọ̀kalẹ̀, kí n bá ara mi lẹ́nu iṣẹ́, kí aládùúgbò kankan má rí aṣọ tí mo fi sùn. Mo ti lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yẹn. Wọ́n fi mí jókòó títí, wọ́n ní iṣẹ́ mi kéré. Ìwọ ńkọ́, ṣé ó kéré lójú tìẹ náà?"

"Màmá, ẹ wo yàrá tí a jókòó sí."

Màmá wò ó. "Òótọ́ ni. A bá ara wa mu."

Ọjọ́ tí Rúlà lọ wọn ilé náà, ọkùnrin oníbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan ti Màmá jáde wá wòran, ó káwọ́ gbera. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ ni.

"Màmá, obìnrin yìí ni ẹ gbé iṣẹ́ fún? Ṣé ó ti kọ́ ilé rí?"

"Ìwọ ńkọ́?" ni Màmá dá a lóhùn. "Ṣé gbogbo bàtà tí o ń tà ni o ti wọ̀ rí?"

Oníbàtà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀. Ó ní òun á máa wo bí yóò ṣe já sí. Gbogbo òpópónà náà ló ń wò ó.

Téèpù tí Rúlà fi wọn ilé náà, ti bàbá rẹ̀ ni. Káfíńtà ni bàbá náà, téèpù irin yìí sì ni ohun kan ṣoṣo tí Rúlà béèrè fún nínú ogún rẹ̀. Orí téèpù náà ti ṣẹ́ dànù láti ọjọ́ pípẹ́, géérégé níbi tí nọ́ḿbà mẹ́wàá wà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi wọn nǹkan gbọ́dọ̀ yọ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kúrò nínú iye tó bá kà. Ẹlòmíràn ì bá ti gbé e sọnù. Rúlà kò jẹ́ gbà. Téèpù tuntun máa ń gbọ̀n bí ewé, èyí ń lọ tààrà. Bí o bá sì jẹ́ kó padà sílé rẹ̀, á dún "hẹ̀n-ẹ́n" bí àgbàlagbà tó gba ọ̀rọ̀ rẹ wọlé. Ní ti yíyọ mẹ́wàá, ó ti di ohun tó ń ṣe láìronú, bí ènìyàn ṣe ń ṣẹ́jú.

Òun nìkan ló wọn gbogbo ògiri, ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Gíga láti ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù dé ilẹ̀ yàrá òkè nìkan ni kò lè dá wọ̀n. Wọ́n ti dá ihò sí àjà níbi tí àtẹ̀gùn yóò gbà, ó sì nílò ẹnì kan lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀. Tíṣà wà nínú ìsinmi, òun ló bá a lọ. Rúlà fi orí téèpù tó ṣẹ́ kan ilẹ̀, Tíṣà dọ̀bálẹ̀ sétí ihò lókè, ó fa téèpù náà sókè.

"Ẹ kà á fún mi!"

Tíṣà ka nọ́ḿbà kan sísàlẹ̀. Rúlà yọ mẹ́wàá, ó kọ ọ́.

Yíya àtẹ̀gùn náà dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Ẹni tó bá rò pé àtẹ̀gùn kì í ṣe nǹkan bàbàrà kò tíì yà á rí. Ẹsẹ̀ ènìyàn ní ọpọlọ tirẹ̀. Bí o bá gun ìpele méjì, ẹsẹ̀ rẹ ti há gíga rẹ̀ sórí, kò tún ní béèrè lọ́wọ́ ojú mọ́. Bí ìpele kan bá wá ga ju ìyókù lọ, kódà kó má ju ìbú ìka kan, ibẹ̀ gan-an ni ìwọ àti ilẹ̀ yóò ti kí ara yín. Nítorí náà ó mú gíga ilé náà, ó pín in dọ́gbadọ́gba, ó rò ó, ó tún un rò, títí ìpele kọ̀ọ̀kan fi rọ orúnkún Màmá lọ́rùn. Ó fi igi ìfọwọ́mú sí apá kan ṣoṣo, nítorí ó ti kíyè sí i pé ọwọ́ òsì ni Màmá fi ń gbé ìwé.

Wẹ́dà tó gbé iṣẹ́ náà fún ni wọ́n ń pè ní Gọ́gù, nítorí gọ́gù tó fi ń bojú nídìí iná kì í kúrò ní iwájú orí rẹ̀, ìbáà ṣe ìgbà tó ń jẹun. Ó gé irin, ó jó o pọ̀, ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ tí wọn yóò gbé e lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, Rúlà pinnu láti kan pẹpẹ kan sí ara ògiri ọ́fíìsì, kó rí ibi tí yóò máa kó àwòrán tó bá ká jọ sí. Ó ti ra pákó tó dára.

"Tíṣà, ẹ dákun ẹ bá mi ka ìbú ibí yìí."

Tíṣà fa téèpù, ó kà á. Rúlà yọ mẹ́wàá, ó fàmì sí pákó, ó fi ayùn gé e. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé àárín ògiri méjèèjì, pákó kò kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Àlàfo tó kù níbẹ̀ gba àtẹ́lẹwọ́.

Rúlà wo pákó, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ta ló ka nǹkan yìí?"

"Èmi ni. Ohun tí mo kà ló sì wà níbẹ̀."

"Kò lè wà níbẹ̀. Mo yọ mẹ́wàá, bí mo ṣe máa ń yọ ọ́."

"O yọ kí ni?" Tíṣà gbé ojú sókè. "Èmi náà ti yọ ọ́!"

"Ẹ ti yọ ọ́ kẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Téèpù tí kò lórí, tí gbogbo ilé mọ̀ pé kò lórí! Èmi olùkọ́ ìṣirò, kí n wá la ẹnu mi ka nọ́ḿbà tí mo mọ̀ pé kò tọ̀nà fún ìyàwó mi?"

Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Rúlà. Ó fi pákó ti ògiri, ó ń mì tìtì. Àfi bí ẹ̀rín náà ṣe gé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n ti ẹ̀rọ omi pa.

"Tíṣà. Ọjọ́ tí ẹ dọ̀bálẹ̀ sókè nílé Màmá Oníwèé."

Tíṣà tẹjú mọ́ pákó. Ó ń ṣírò. Ìgbà tó ṣírò tán, ó jókòó sórí àpótí.

"Mo yọ ọ́," ló wí. "Mo tiẹ̀ yára yọ ọ́, kí n má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ."

Eré ni Rúlà sá dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Àtẹ̀gùn náà wà lóòró níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà náà, ó ń dán, ó rẹwà, ó dọ́gba, ó sì rí bí ó ṣe yà á láìku ẹyọ kan. Ó kúrú ni. Ó fi mẹ́wàá kúrú.

Gọ́gù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó họ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́gù rẹ̀. "Mádàámù, ẹ má da ara yín láàmú. N ó jó irin díẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ẹ ó rí i pé kò ní hàn. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ẹsẹ̀ Màmá yóò mọ̀."

"Ìpele kan ṣoṣo ni yóò ga jù!"

"Ọ̀gá wẹ́dà, obìnrin tí orúnkún ń dùn, tó di ìwé mọ́ àyà, tí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìpele kan ṣoṣo náà ni yóò gbé e ṣubú."

Gọ́gù gbà. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ní tí ó bá jẹ́ pé òun yóò ṣe tuntun, òun kò ní irin nílẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì wà lọ́rùn òun. Òjò yóò ti bẹ̀rẹ̀ kó tó parí.

Rúlà dúró síbẹ̀, ó fọwọ́ lé irin náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Bí ó bá bàjẹ́ lójú gbogbo òpópónà, lójú oníbàtà tó káwọ́ gbera, ta ni yóò gbé èkejì fún un? Àga ọ̀gá àgbà yọ sí i lójú, àfi bí ẹni pé àga náà ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀.

Ó lọ bá Màmá. Kò tíì mọ ohun tí yóò sọ, àmọ́ ó mọ̀ pé kò yẹ kí Màmá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó tún gíga náà wọ̀n pẹ̀lú ọ̀pá gígùn kan, kó lè dá a lójú. Kò sí àní-àní: mẹ́wàá. Ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìwé.

"Kí ló dé tí o jókòó bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ ní ibùdókọ̀?" ni Màmá bi í.

"Màmá, àtẹ̀gùn yín kúrú. Ẹ̀bi mi ni."

Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀bi mi ni, Màmá. Èmi ló yọ mẹ́wàá."

"Èmi náà yọ ọ́," ni Rúlà wí.

Wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ téèpù náà. Màmá wo ọkọ, ó wo ìyàwó. "Ẹ jẹ́ kí ó yé mi. Ẹ̀yin méjèèjì jọ ń yọ nǹkan kan náà, ẹnì kan ò sì sọ fún ẹnì kejì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Iyọ̀ ọbẹ̀ ńkọ́, nílé yín?"

Tíṣà wolẹ̀. Rúlà kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún.

"Ẹ má rò pé inú mi dùn o," ni Màmá wí. "Ihò ti wà lókè orí mi, òjò sì ń bọ̀. Mo kàn ń wò ó pé ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ kò ní wá jókòó sílẹ̀ báyìí. Kí ni ṣíṣe?"

 Rúlà yíjú sí ẹnu ọ̀nà, bí ènìyàn ṣe ń ṣe bí ojú bá ń tì í. Láti ibi tó jókòó sí, bàtà àwọn tó ń kọjá ló ń rí. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan kọjá. Táyà kẹ̀kẹ́ kan kọjá. Ó wá ń yà á lẹ́nu pé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ga ju ilẹ̀ tí òun jókòó sí lọ. 

"Màmá, omi tó ń wọlé níbí lọ́dọọdún, ibo ló ń gbà?"

"Ẹnu ọ̀nà ni, bí àlejò. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí ìwé mi lórí búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ ra ilé yìí, ńṣe là ń gòkè wọlé. Àmọ́ wọ́n da ọ̀dà lé ọ̀nà yìí, ó bàjẹ́, wọ́n da òmíràn lé e lórí, wọ́n tún da òmíràn. Ilé wà níbi tó wà. Ọ̀nà ló dàgbà jù ú lọ."

Rúlà ti dìde. "Tíṣà, ẹ bá mi wá rọ́bà ọ́ọ̀sì tó mọ́ gaara, èyí tí ènìyàn ń rí omi inú rẹ̀. Èyí tó gùn."

Ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ fi ń mọ ibi tó ga ju ibì kan lọ nìyẹn. Wọ́n rọ omi sínú ọ́ọ̀sì, wọ́n lé atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde. Tíṣà di ẹnu kan mú létí ọ̀nà, Rúlà di ìkejì mú láàárín ṣọ́ọ̀bù. Bí ó ti wù kí ọ́ọ̀sì náà wọ́ lọ́nà kọ́rọkọ̀rọ, omi ẹnu méjèèjì yóò dúró ní gíga kan náà, nítorí omi kì í ṣe ojúsàájú. Wọ́n wọ̀n ọ́n láti ojú omi dé ilẹ̀, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ọ̀nà fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ga ju ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ.

"Màmá," ni Rúlà wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "bí àtẹ̀gùn kò bá dé ilẹ̀, ilẹ̀ á gòkè lọ bá àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ kí n da kọnkéré tó ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí gbogbo ilẹ̀ yìí. Àtẹ̀gùn yóò jókòó, gbogbo ìpele rẹ̀ yóò dọ́gba. Ilẹ̀ yín yóò sì padà ga ju ọ̀nà lọ, bó ṣe wà nígbà tí bàbá rà á."

Kó tó jẹ́ kí Màmá dáhùn, ó ti rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká, nítorí nínú ilé, bí ọwọ́ bá kan nǹkan kan, á ró lára òmíràn. Àjà ga, orí ẹnikẹ́ni kò ní kàn án. Ihò tí wọ́n ń ki iná bọ̀ lára ògiri wà lókè dáadáa. Ilẹ̀kùn nìkan ni kò ní ṣí mọ́, àfi bí wọ́n bá gé mẹ́wàá kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Àṣìṣe tèmi ni," ló fi kún un, "kọnkéré náà sì di tèmi."

Màmá ronú. "Sìmẹ́ńtì tìẹ, yanrìn tèmi. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ta ló ń jàǹfààní rẹ̀? Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa. Bí omi bá tún wọlé kí mi lọ́dún yìí, n ó kó gbogbo ìwé mi wá sí ọ́fíìsì rẹ, orí tábìlì onílẹ̀kùn yẹn ni n ó sì ti máa tà á."

Wọ́n kó ìwé lọ sókè, wọ́n da kọnkéré. Oníbàtà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wò ó, wọ́n ń kọ́ ilé sínú ilé! Màmá, ẹ ṣọ́ra, bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, orí yín máa yọ lókè."  Rúlà ń fi ọ̀pá gígùn fa ojú kọnkéré náà, ó ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe wo ife omi. Ó ń da omi sí i láràárọ̀ kó má baà sán. Ó sì ń gbàdúrà, nítorí ìṣirò dára, àmọ́ ìṣirò ti já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ tí kọnkéré gbẹ dáadáa, Gọ́gù àti àwọn ọkùnrin rẹ̀ gbé àtẹ̀gùn náà dé. Wọ́n tì í wọlé ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n gbé e nàró lábẹ́ ihò, wọ́n sì rọra ń sọ ọ́ kalẹ̀. Rúlà wà lókè, ó dọ̀bálẹ̀ síbi tí Tíṣà dọ̀bálẹ̀ sí. Kò mí. Irin òkè ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó kan etí ilẹ̀ yàrá, ó sì dúró síbẹ̀ wẹ́kú, bí ìdérí ìkòkò. Nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gọ́gù fi òòlù gbá a. Kò mì. "Mádàámù!" ló ké sókè. "Ó jókòó!"

Ìgbà yẹn ni Rúlà tó mí. Ó fi iwájú orí lé ilẹ̀ títutù, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rí ojú rẹ̀.

Káfíńtà gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Rúlà ní kí wọ́n má ju awẹ́ igi tí wọ́n gé kúrò náà nù. Ó gbé e lọ sílé, ó gé ìwọ̀n tó fẹ́ lára rẹ̀, ó fi lẹ̀ mọ́ pákó pẹpẹ tó kúrú. Ó ṣe é wẹ́kú. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò bá ìyókù mu.

Òjò dé ní ọjọ́ iṣẹ́ kan, ní ọ̀sán gangan. Kò ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ńṣe ló dà gọ̀ọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan gbá garawa dànù lókè. Tíṣà wà nílé ìwé. Rúlà jókòó nídìí tábìlì rẹ̀, ó fa ìlà kan, ìlà náà wọ́. Ó mú agbòjò, ó jáde.

Òpópónà ti di odò. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi títí ó fi dé iwájú ilé Màmá. Omi pupa ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé etí kọnkéré tuntun, ó fọwọ́ tọ́ ọ, ó yà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Màmá wà lórí ìpele kẹta àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ti na ẹsẹ̀, ó ń ka ìwé. Ìwé wà nílẹ̀ káàkiri, kò sí búlọ́ọ̀kù kankan lábẹ́ wọn. Ilẹ̀ gbẹ bí ẹ̀yìn ọwọ́.

"Nu ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé," ni Màmá wí láìgbójú sókè. "Ilẹ̀ mi mọ́."

"Ṣé kò wọlé, Màmá?"

"Ó yọjú. Mo ní a ò sí nílé. Ó ti lọ kí aládùúgbò."

Rúlà jókòó sórí ìpele àkọ́kọ́.  Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Màmá náà bá a rín in, kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Wọ́n ń rín in lọ́wọ́ nígbà tí oníbàtà yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ẹsẹ̀ lásán ló wà. Ó di bàtà mẹ́ta mú, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìkejì òmíràn nínú wọn. Ó wo ilẹ̀ gbígbẹ náà, ó wò ó títí.

"Mádàámù, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, eré ni. Ta ló fọgbọ́n ilẹ̀ gíga yìí hàn yín?"

Ó rọrùn fún Rúlà láti sọ pé òun ló rò ó. Ó la ẹnu, ó rí i pé kò jáde bẹ́ẹ̀. "Ká má parọ́, àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe?"

"Àṣìṣe ni. Mo wọn nǹkan kúrú, mo sì wá bí n ó ṣe tún un ṣe."

Oníbàtà wẹ̀yìn wo ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, níbi tí bàtà ti ń lúwẹ̀ẹ́ jáde. "Ẹ dákun," ló wí, "ẹ wá bá mi ṣe irú àṣìṣe náà."

"Tìẹ kò ní yanrìn ọ̀fẹ́ o," ni Màmá wí, ó sì ṣí ojú ewé kejì. "Tèmi nìkan ni àṣìṣe olówó pọ́ọ́kú."

Ní ìrọ̀lẹ́, òjò dá. Rúlà tẹ ọ̀gá àgbà láago. "Sà, òjò ti bẹ̀rẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ lórí òrùlé. Ṣé ò ń bọ̀?"

"Rárá, sà. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ fún ẹlòmíràn ní àga náà."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, ó ti pẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń jókòó sí i. Mo kàn rò pé ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ó yẹ kó máa rò pé ẹ̀bá odò kò jìnnà."

Inú Rúlà ì bá bàjẹ́ bí ó bá gbọ́ ọ ní oṣù tó kọjá. Ní báyìí, ńṣe ni ara rẹ̀ fúyẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ bàtà tó há.

Ó ti kọ òfin kan ṣoṣo sí ara ògiri lókè tábìlì, lẹ́tà gàdàgbà, kò sì jẹ́ kí àyè tán: ẸNI TÓ Ń KÀ, KÓ KA OHUN TÓ RÍ. ẸNI TÓ Ń KỌ NÌKAN NI KÓ YỌ. Ọjọ́ tí wọ́n lọ wọn ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, Tíṣà fa téèpù náà dé ògiri kejì, ó tẹjú mọ́ nọ́ḿbà, òógùn sì bò ó níwájú orí. Ó hàn gbangba pé ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ó ka nọ́ḿbà náà jáde, ó sì fi igbe kún un kí gbogbo òpópónà lè gbọ́:

"N ò yọ nǹkan kan o!"

Nígbà tí òjò ọdún náà fi ń lọ sópin, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló ti ga ju ọ̀nà lọ ní òpópónà náà, ẹnì kan sì ti ń bi Rúlà bóyá ó lè ya odindi ilé, láti ìpìlẹ̀. Ó ní òun lè yà á. Ó ká àwòrán ṣọ́ọ̀bù Màmá Oníwèé, ó tì í sí ìparí pẹpẹ, níbi tí igi ti yí àwọ̀ padà, ó sì tẹ́ ìwé tuntun sórí tábìlì. Ó fa pẹ́ńsù yọ nínú ihò kọ́kọ́rọ́.